Àbọ̀ Ọ̀rọ̀ ní Pickering

Ọjọ́ Àìkú, 2 Èrèlé 2025

Wọ́n ti lọ. Èmi nìkan ló kù nílé.

Bí a ṣe ti ṣọ́ọ̀ṣì dé ni Ṣẹ́gunfúnmi ọmọ mi ní àwọn ń lọ síbi ọjọ́ ìbí kan ní Richmond Hill, ṣé màá bá àwọn lọ. Mo ní, "Ẹ máa lọ, mo wà dáadáa." Ta ni kò mọ̀ pé bí àgbà ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn? A ó kọ́kọ́ kọ̀. Wọ́n á bẹ̀ wá. A ó tún kọ̀, díẹ̀. Wọ́n á ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Mọ́mì, kò ní dùn láìsí ẹ̀yin." Ìgbà yẹn la ó wá mí kanlẹ̀ bí ẹni tí wọ́n fi tipátipá mú, a ó sì gbé báàgì. Mo ti fín lọ́fínńdà. Gèlè wà lórí mi. Báàgì wà lábẹ́ àga, mo ti ń fi ẹsẹ̀ fà á bọ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ìmọ́lẹ̀, ọmọbìnrin Ṣẹ́gun, ló dáhùn kí bàbá rẹ̀ tó la ẹnu. "Okay, Grandma." Ó ṣílẹ̀kùn, wọ́n lọ.

Mo jókòó pẹ̀lú gèlè lórí títí ilẹ̀ fi ṣú. Ó dùn mí. Mi ò ní purọ́ fún ìwé.

Ọjọ́ Ajé, 3 Èrèlé

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Àárọ̀ yìí. Mo ti jí se iṣu, mo din ọbẹ̀ ata. Ṣẹ́gun ò lè jẹun, ó ń sáré lọ sí Bolton — ilé ìkẹ́rùsí ni, òun ni ọ̀gá àwọn tó ń kó ẹrù sọ́kọ̀. Jọkẹ́ ìyàwó rẹ̀, nọ́ọ̀sì ni, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti iṣẹ́ òru dé, ó kúnlẹ̀ kí mi, ó gba yàrá lọ. Ìmọ́lẹ̀ ti ṣíbí bọ ọbẹ̀, ó fi kan ahọ́n, ó ní — lédè Gẹ̀ẹ́sì, bó ti máa ń dá mi lóhùn — pé ó ta jù, òun ò fẹ́ràn rẹ̀. Lójú mi! Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún! Kò sí ẹ jọ̀ọ́, kò sí ẹ má bínú. Torí ẹ̀ ni mo ṣe ń pè é ní Agbẹjọ́rò.

Inú bí mi. Mo kọjú sí bàbá rẹ̀, mo ní, "Ó dáa náà. Bá mi ra tíkẹ́ẹ̀tì, kí n máa lọ sílé mi n'Íbàdàn. Kò sẹ́ni tó nílò mi níbí."

Mo wá dúró. Ohun tó yẹ kó tẹ̀ lé e, kò sí ọmọ tí wọ́n tọ́ ní Bódìjà tí kò mọ̀ ọ́n. Kó ju kọ́kọ́rọ́ mọ́tò sílẹ̀. Kó dọ̀bálẹ̀. Kó ní, "Háà, Mọ́mì, kí la ṣe fún yín?" Kó lọ jí ìyàwó rẹ̀ kí wọ́n jọ bẹ̀ mí. Màá ní rárá. Wọ́n á bẹ̀ sí i. Màá dárí jì wọ́n, ọ̀rọ̀ á tán, a ó jẹ iṣu.

Ó wò mí. "Mo ti gbọ́, Ma." Ó wọ mọ́tò.

Mo ti gbọ́, Ma!

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4 Èrèlé

Kò tíì bẹ̀ mí.

Ọjọ́bọ̀, 6 Èrèlé

Hòtẹ́ẹ̀lì ṣófo. Orúkọ tí mo sọ ilé yìí nìyẹn, nítorí oorun nìkan ni wọ́n ń wá sùn níbẹ̀. Mo wọ bàtà òtútù, mo rìn lọ sétí adágún. Òrùlé rìbìtì-rìbìtì ilé iṣẹ́ iná átọ́míìkì yẹn wà níbẹ̀ bí ìkòkò tí wọ́n dojú dé. Ọkùnrin kan ń mú ajá rìn kọjá, mo kí i. Ó yọ nǹkan kúrò létí, ó ní "Sorry?" Mo ní kò sí nǹkan. Nígbà tí mo padà délé ni mo rántí pé òun nìkan ni mo bá sọ̀rọ̀ láti àárọ̀.

Nígbà tí Bàbá Ṣẹ́gun kú, Ṣẹ́gun fúnra rẹ̀ ló wá mú mi wá sí Kánádà. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ ò ní dá gbé ilé." Ó dáa. Ilé tirẹ̀ ni mo wá ń dá gbé.

Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n sọ ọ́ síbi tí ẹnikẹ́ni ò ti ní gbọ́: mi ò fẹ́ lọ. Kí ni mo fẹ́ lọ ṣe ní Bódìjà? Àwọn obìnrin tí mo lè kan ilẹ̀kùn wọn ládùúgbò, wọ́n ti kú tán tàbí wọ́n ti tẹ̀ lé ọmọ lọ sókè òkun bíi tèmi. Ṣúkù ọ̀rẹ́ mi nìkan ló kù. Níbí, mo ń gbọ́ ẹsẹ̀ Agbẹjọ́rò lórí àtẹ̀gùn tó bá ti ilé ìwé dé, gbì-gbì-gbì, kò ní rọra. Mo máa ń jókòó dè é. Mi ò fẹ́ lọ. Kí wọ́n ṣáà bẹ̀ mí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8 Èrèlé

Agbẹjọ́rò wọ yàrá mi, kò kan ilẹ̀kùn. Iṣẹ́ ilé ìwé ló gbé wá. Olùkọ́ wọn ní kí wọ́n kọ nípa àwọn ará Jámánì láàárín ogun àgbáyé méjèèjì: kí ni àwọn òǹkọ̀wé wọn sọ pé ọmọ ìlú rere jẹ́, kí Násì tó gbàjọba. Bàbá rẹ̀ ló sọ fún un pé ohun tí mo fi ayé mi kọ́ àwọn ọmọ yunifásítì nìyẹn. "Really, Grandma?" Ó yà á lẹ́nu pé mo ti ṣe nǹkan kan rí láyé kí n tó di ẹni tó ń se ọbẹ̀ tó ta.

Mo bẹ̀rẹ̀. Èmi ń sọ Yorùbá, òun ń fi Gẹ̀ẹ́sì bi mí léèrè, Jámánì ń já sáàárín lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Mo ní: ogun àkọ́kọ́ parí, ọba wọn sá lọ. Àwọn èèyàn tó sùn lábẹ́ ọba jí lọ́jọ́ kejì, wọ́n ní ìlú ti di tiwọn. Wọn ò mọ ohun tí wọ́n máa fi ṣe. Làwọn òǹkọ̀wé bá gbé ìjà kalẹ̀. Apá kan ní ọmọ ìlú rere ni ẹni tó ń ka ìwé, tó ń tọ́jú ilé rẹ̀, tó ń san owó orí, tó fi ọ̀rọ̀ ìjọba sílẹ̀ fún àwọn tó mọ̀ ọ́n. Kí ọkàn ẹni ṣáà ti mọ́. Apá kejì ní irọ́ ni — ẹni tí kò lè dìde sọ̀rọ̀ níwájú èèyàn, ayálégbé ni nínú ìlú ara rẹ̀. Àwọn kan tún wà tí wọn ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ìtàn àwọn akọ̀wé kéékèèké ni wọ́n ń kọ, àti ti àwọn ọmọbìnrin tó ń tẹ̀wé ní ọ́fíìsì, tí kálukú jókòó sínú yàrá tó rẹ́ǹtì, tó ń retí kí ẹnìkan wá bi òun ní ohun tó ń dun òun. Kò sẹ́ni tó bi wọ́n. Ẹni tó pariwo jù ló wá bi wọ́n nígbẹ̀yìn, ohun tó sì gbà lọ́wọ́ wọn kò kéré.

Ó ní kí ló dé tí wọn ò kàn sọ ọ́ jáde. Mo ní wọ́n kà á sí ìwà ọmọlúàbí pé kéèyàn dúró títí wọ́n á fi bèèrè. Ó ní ìyẹn ò ní làákàyè nínú.

Mo wá ka gbólóhùn tí mo fi parí ìwé oyè dókítà mi ní yunifásítì Marburg ní Jámánì fún un: ọmọ ìlú ni ẹni tó lè sọ ohun tó fẹ́ lójú àwọn tó lè kọ̀ fún un. Ó ní kí n tún un kà. Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Inú mi dùn — ó ti pẹ́ tí inú mi ti dùn báyìí. Bó ti ń lọ, ó fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu, mi ò sì dìde tì í.

Ọjọ́ Àìkú, 9 Èrèlé

Ó ti rà á.

Lórí títì 401 ni, bí a ṣe ń ti ṣọ́ọ̀ṣì ní Scarborough bọ̀. Kò wẹ̀yìn. Ó ní, "Mọ́mì, mo ti rí tíkẹ́ẹ̀tì yẹn. Ọjọ́ keje oṣù tó ń bọ̀, ọjọ́ Ẹtì." Jọkẹ́ ń wo ìta lójú fèrèsé. Agbẹjọ́rò ti fi nǹkan dí etí, orin ló ń gbọ́. Mo ní, "O ṣeun, ọmọ mi. Olúwa á bù kún ọ." Ohùn mi dún ketekete. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń lé mi! Orí mi ò pé.

Mo délé, mo ti ilẹ̀kùn, mo sunkún bí ọmọdé.

Ọjọ́rú, 12 Èrèlé

Mo bá Ṣúkù sọ̀rọ̀ lórí WhatsApp. Alhaja Shukurat ni gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí. Ṣúkù ni mò ń pè é láti ìgbà tí a ti jọ wà nílé ìwé. Mo ròyìn fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, mo ń retí kó bá mi dárò. Ẹ̀rín ló bú sí. Ó ní, "Adélọ́lá, ìwọ fúnra ẹ lo gun igi, sọ̀ kalẹ̀. Sọ fún ọmọ pé o ò lọ mọ́."

Mo ní, kí n wá máa bẹ ọmọ tí mo bí? Ṣebí àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dénú rẹ̀ a di odindi. Mo ti sọ àbọ̀ tèmi.

Ó ní, "Àbọ̀ tí o sọ ni pé kó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ó ti dé inú ẹ̀, ó ti di odindi tíkẹ́ẹ̀tì." Ó tún rẹ́rìn-ín. Inú bí mi, mo gé fóònù. Lẹ́yìn náà mo wá ohùn tó fi ránṣẹ́ lọ́dún tuntun, mo tan án, mo ń gbọ́ ọ. Àdúrà lásán ni. Mo gbọ́ ọ tán, mo tún tan án.

Ọjọ́ Àìkú, 16 Èrèlé

Yìnyín di ẹnu ọ̀nà pa. Kò sí ṣọ́ọ̀ṣì. Gbogbo wa wà nílé, kálukú nínú yàrá tirẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, 17 Èrèlé

Family Day ni wọ́n ń pe òní ní Ontario. Ìjọba fún wọn lọ́lidé kí ẹbí lè jókòó ti ẹbí. Wọ́n gbìyànjú.

Jọkẹ́ ra àpótí pupa ńlá kan fún mi. Ó kúnlẹ̀ sílẹ̀, ó ń bá mi ká aṣọ. Ìró kan, ó ká a, ó tú u, ó tún un ká. Ojú rẹ̀ pọ́n. Mo ní kí ló ṣe ojú rẹ̀, ó ní iṣẹ́ òru ni, Ma. Ó gbé kóòtù òtútù mi sókè, ó ní ṣé màá kó o lọ. Mo ní kí ni mo fẹ́ fi kóòtù ṣe n'Íbàdàn. Ó gbé e padà kọ́ sínú kọ́bọ́ọ̀dù mi, ó tẹ́ ọwọ́ kóòtù náà dáadáa bí ẹni pé mo máa wọ̀ ọ́ lọ́la.

Ó dà bíi pé ó fẹ́ sọ nǹkan. Mo dúró dè é. Òun náà dúró, bóyá ó ń dúró dè mí ni. Ó ní, "Ẹ kú ìsinmi, Ma." Ó dìde.

Ọjọ́ Ẹtì, 21 Èrèlé

Ìwé ìpè ti dé láti ọ̀dọ̀ ìjọba: kí n wá búra, kí n di ọmọ ìlú Kánádà. Ọjọ́ kejìlá Ẹrẹ́nà, ní gbọ̀ngàn kan ní Scarborough. Bààlúù mi á ti gbéra nígbà yẹn, màá ti wà n'Íbàdàn.

Ṣẹ́gun dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá mi, kò wọlé, ó ń fi èékánná ha férémù bó ti máa ń ṣe láti kékeré tí nǹkan bá ń dà á láàmú. Ó ní, "Mọ́mì, a lè ní kí wọ́n sún un síwájú. Tàbí ká kọ̀wé sí wọn pé ẹ ò ṣe mọ́. Bí ẹ bá ṣe fẹ́, Ma."

Bí mo bá ṣe fẹ́. Ó bi mí! Ní tààrà, lójú mi, ohun tí mo ti ń dúró dè. Mo sì gbọ́ ẹnu ara mi tó ń sọ pé, "Bó bá ṣe rí náà ló rí."

Ó ní, "Ó dáa, Ma."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 25 Èrèlé

Mo ń tún àwọn ìwé Jámánì mi kà. Gbogbo àwọn èèyàn inú wọn lọ́wọ̀, gbogbo wọn ló mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó níbi oúnjẹ, ìlú sì bọ́ lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọgbọ̀n ọdún mo pè wọ́n ní ojo nínú ìwé dókítà mi, ojú ewé lórí ojú ewé. Ẹnu mi mú nígbà yẹn o. Ká ní wọ́n wà láyé, wọn ì bá fi mí rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 1 Ẹrẹ́nà

Wọ́n ti máàkì iṣẹ́ Ìmọ́lẹ̀. Ó gbé e wá fi hàn mí. Gbólóhùn mi wà níbẹ̀, ó kọ ọ́ pé ìyá bàbá òun ló sọ ọ́, olùkọ́ wọn fa ìlà sí i nídìí, ó ní ó dára gan-an. Mo gbá a mọ́ra. Ó jẹ́ kí n gbá a mọ́ra, èyí tí kì í ṣe ojoojúmọ́.

Ló bá bi mí pé, Grandma, ìgbà wo lẹ ṣe bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn?

Mo ní, ṣe kí ni?

Ó ní, kí ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́, fún ẹni tó lè sọ pé rárá.

Mo ní kó lọ fọ abọ́. Ó ní òun ti fọ̀ ọ́.

Ó ti lọ báyìí, mo ṣì jókòó. Ìgbà wo? Bàbá Ṣẹ́gun ni, lọ́dún tí mo fẹ́ lọ sí Marburg. Mo dúró nílé ìdáná, mo wò ó lójú, mo ní mo fẹ́ lọ. Ó kọ̀. Mo tún un sọ. Ó bínú sí mi fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, lẹ́yìn náà ó bá mi gbé ẹrù dé pápá ọkọ̀ òfurufú. Ó ti tó ogójì ọdún. Lẹ́yìn ìyẹn, mi ò rí òmíràn tí mo lè tọ́ka sí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4 Ẹrẹ́nà

Mo ti sọ ọ́.

Oúnjẹ alẹ́ ni. Àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà nídìí tábìlì, Jọkẹ́ ti pààrọ̀ ṣíìfù iṣẹ́ rẹ̀ nítorí ìrìn àjò mi. Ṣẹ́gun ń ṣàlàyé pápá ọkọ̀ òfurufú. Ó ní wọ́n á fi kẹ̀kẹ́ tì mí dé ẹnu bààlúù, kí n má ṣèyọnu. Ẹsẹ̀ mi ò ṣe nǹkan kan o! Mo gbé ṣíbí sílẹ̀. Mo ní, "Ṣẹ́gun, mi ò fẹ́ lọ."

Mi ò fi òwe ṣáájú. Mi ò wú ikọ́. Mo tún un sọ: "Mi ò fẹ́ lọ. Ọ̀dọ̀ yín ni mo fẹ́ wà. Mo fẹ́ lọ búra lọ́jọ́ kejìlá. Ọ̀rọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì yẹn, mo sọ ọ́ kí ẹ lè bẹ̀ mí ni."

Ṣẹ́gun fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì bojú. Ó ní òun ti ń rí i pé inú mi ò dùn nílé yìí. Ó ní èmi náà ni mo kọ́ òun pé àgbà kì í sọ̀rọ̀ kí ọmọ jiyàn. Pé lọ́jọ́ tí mo sọ ọ́, òun rò pé ó ti pẹ́ nínú mi, pé ìtìjú ni kò jẹ́ kí n tètè sọ. Bí òun bá bẹ̀ mí, màá dúró nítorí òun, màá sì máa jìyà lọ. Ó ní nígbà tí òun dé Bolton láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, òun ò lè sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò, ẹkún ni òun ń sun.

Ó kúrò lórí àga, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ilé ìdáná. "Ẹ dúró, Ma. Ẹ jọ̀ọ́, Mọ́mì, ẹ dárí jì mí." Jọkẹ́ náà kúnlẹ̀. "Ẹ má lọ, Ma. Kí lẹ fẹ́ lọ ṣe?"

Ohun tí mo ti ń retí láti oṣù kan nìyẹn. Ìdọ̀bálẹ̀ yẹn gan-an. "Ẹ jọ̀ọ́" yẹn gan-an. Mo sì wò wọ́n nílẹ̀ níbẹ̀, Ọlọ́run má ṣàì dárí jì mí, mi ò lè gbà wọ́n gbọ́.

Ta ló kọ́ Ṣẹ́gun bẹ́ẹ̀? Èmi ni. Ká tiẹ̀ ní mo ti sú u pátápátá, kí ni ọmọ gidi tún lè sọ fún ìyá rẹ̀? Ohun tó máa sọ nìyí. Ohùn tó máa fi sọ ọ́ náà nìyí. Jọkẹ́ ńkọ́? Ìyàwó ilé wo ló máa ní kí ìyá ọkọ òun máa lọ? Mo ń wá ojú wọn, mi ò rí nǹkan kan níbẹ̀ tí kò lè jẹ́ ẹ̀kọ́ ilé. Mo dá wà lórí àga yẹn ju bí mo ṣe dá wà lọ́jọ́ gèlè lọ.

Mo kọjú sí Ìmọ́lẹ̀. Òun nìkan ló ṣì jókòó, ó ń jẹ ìrẹsì rẹ̀, ó ń wo bàbá rẹ̀ nílẹ̀. Mo ní, "Ìwọ ńkọ́?" Ọmọ yìí ò mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ èèyàn. Bó bá lè sọ pé "Okay, Grandma" báyìí, ó parí nìyẹn, màá gbé àpótí pupa.

Ó gbé ìrẹsì tó wà lẹ́nu rẹ̀ mì. Ó ní òun ò fẹ́ kí n lọ. Pé òun ò fẹ́ ẹ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ojú rẹ̀ le, ó dà bíi pé gbogbo wa la jọ ṣẹ̀ ẹ́. "Nobody asked me," ó wí, ó tún bu ìrẹsì.

Kò kúnlẹ̀. Kò ní ẹ jọ̀ọ́. Ọmọ tó wò mí lójú tó ní ọbẹ̀ mi ta jù ni, mo gbà á gbọ́. Mo ní kí àwọn òbí rẹ̀ dìde nílẹ̀, oúnjẹ ń tutù.

Ọjọ́rú, 5 Ẹrẹ́nà

Mo dín ata kù nínú ọbẹ̀ lónìí. Ìmọ́lẹ̀ tọ́ ọ wò, ó ní ó ṣì ta.